Ìdánwò Ọjọ́bọ̀ Tí Khàdíjàt Wá Ṣe ní Sátidé

Ilẹ̀ Sátidé mọ́ ní Lugbe bó ṣe máa ń mọ́. Àwọn tó ń fọṣọ ti sá a sórí okùn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Máruwá ń kó èrò lọ sí ẹ̀bá títì márosẹ̀ tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni, ooru sì ti mú kí oòrùn tó yọ tán.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní àdúgbò náà, Hàbíbátù, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ń ṣí fèrèsé kíláàsì. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ń bọ̀ wá gba àfikún ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tíì ṣí fèrèsé kejì tán tó fi gbọ́ ọkọ̀ kan tó ń kùn bọ̀ láti ẹnu géètì.

Kò tilẹ̀ yọjú wò ó kó tó mọ̀ pé ọkọ̀ Bùsàrí ni. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Bùsàrí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń tún ṣe ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè gbọ́ ti ọkọ̀ ara rẹ̀.

Bùsàrí sọ̀ kalẹ̀ nínú búbà àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Khàdíjàt, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Ó kó pẹ́ńsù méjì àti rúlà sínú ọ̀rá kan, ó sì dì í mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà," ni Bùsàrí wí. "A ti dé. Mo ní ká tètè dé kí ara ọmọ yìí lè balẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Khàdíjàt. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kí ni, sà?"

Bùsàrí rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni. Ti Àjọ Ìràwọ̀ Àárọ̀. Aago mẹ́wàá kọ́?"

Gbogbo ọdún ni àjọ náà máa ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta girama. Ọmọ tó bá yege, àwọn ni yóò gbé bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tó kù. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe é, nínú kíláàsì yìí gan-an, Hàbíbátù fúnra rẹ̀ ló sì pe orúkọ. Nígbà tí ó pe Khàdíjàt Bùsàrí tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó fi pẹ́ńsù fa igi sí i. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn òbí mìíràn kò mọyì ohun rere.

"Bàbá Khàdíjàt," ó ní, "wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ọjọ́bọ̀ ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bùsàrí, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ nínú àpò, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì nà án sí i. "Ẹ bá mi kà á, Tíṣà. Bóyá èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kà."

Hàbíbátù wò ó. Ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ náà ni lóòótọ́. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wà lókè, ohun tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: *Ìdánwò Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ yóò wáyé ní Sátidé yìí, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù dání.* Kò sí déètì níbẹ̀, wọn kò sì kọ ọdún sí i.

Òun ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ló kọ ọ́.

"Ní ìpàdé òbí," Bùsàrí ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò sì le, "ẹ̀yin lẹ dìde dúró pé ká má yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú fóònù mọ́, pé gbogbo nǹkan wà lórí ìkànnì. Àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi àárín sáà. Ìkànnì náà ni mo sì ṣí. Níbo ni ǹ bá tún wò?"

Hàbíbátù dá fóònù náà padà fún un.

"Daddy," ni Khàdíjàt wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó ti tọ́jú ọ̀rá náà sẹ́yìn ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Hàbíbátù fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní iṣẹ́ ṣe, ó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà ní igun yàrá. Ó ṣí ẹ̀yìn ìkànnì náà, ibi tí olùkọ́ nìkan lè wọ̀, tí wọ́n ti máa ń gbé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìkéde síta. Ó kọ "ìdánwò" sínú àpótí ìwákiri.

Ojú ewé mẹ́rin jáde nípa ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìkan. Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ "Ìdánwò". Èkejì ń jẹ́ "Ìdánwò Tuntun". Ẹ̀kẹta ń jẹ́ "Ìdánwò Tuntun Gan-an". Ẹ̀kẹrin ń jẹ́ "Ìdánwò Tuntun 2". Ẹ̀kẹta ló bá tòótọ́ mu. Èyí tí Bùsàrí ṣí ni èkejì.

Ó wo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá ni wọ́n, gbogbo wọn kún ojú kan náà: ẹ̀kọ́ ìṣirò, àwòrán ìgbéyàwó olùkọ́ kan, oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ, ìkéde ọjọ́ eré ìdárayá ọdún 2015, àlàyé nípa irúgbìn àti ewéko. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé nǹkan síbẹ̀, kò sì tíì yọ ẹyọ kan kúrò rí. Ó ti máa ń fi iye wọn yangàn fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ó pe píríńsípà, Ìyáàfin Ọládùnjoyè, lórí fóònù, ó sì ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Píríńsípà bi í léèrè pé, "Ṣé ojú ewé ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Pa á rẹ́. Pa á rẹ́ lónìí. Tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú àjọ, a ó sọ pé òbí ló ṣi ọjọ́ gbọ́. Hàbíbátù, tí wọ́n bá yọ orúkọ wa kúrò nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò, kì í ṣe ọmọ kan ni yóò pàdánù. Gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni."

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ó sì mọ̀ pé ìfẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ló ń mú obìnrin yìí sọ̀rọ̀. Ó gbé àmì ìtọ́ka sórí bọ́tìnnì ìparẹ́. Ẹ̀rọ náà bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó jókòó ti ìbéèrè yẹn títí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, kò sì tẹ ohunkóhun.

Nínú ọgbà tí Hàbíbátù ń gbé, ìyá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Màmá Fẹ̀yìntọlá, ọmọ Ìyàrà ní apá Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Hàbíbátù bá a lórí àga níwájú ilé, tó ń fi góòmù lẹ ẹ̀yìn àwọn ìwé orin ìjọ tó ti ya.

"Ẹ kú ìsinmi, mà."

"Okun o, ọmọ mi," ni màmá kí i bí wọ́n ti ń kí ènìyàn nílùú wọn. "Jókòó. Má fara kan èyí, kò tíì gbẹ. Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

Hàbíbátù jókòó, ó sì rò fún un. Kò fi ohun tí píríńsípà wí pamọ́. Màmá Fẹ̀yìntọlá ń gbọ́ ọ, ó sì ń fi ìka tẹ ẹ̀yìn ìwé mọ́lẹ̀ kó lè lẹ̀.

"Nǹkan méjì lo gbé wá," ni màmá wí nígbà tó parí. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó wúwo. Tí o bá pa ojú ewé yẹn rẹ́, kí ni Khàdíjàt yóò dà?"

"Kò yé mi, mà."

"Yóò di òpùrọ́. Òun àti bàbá rẹ̀. Wọn yóò sọ pé àwọn rí i, ìwọ yóò sọ pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó ti pàdánù ìdánwò yóò tún wá pàdánù orúkọ rere. Ìwọ nìkan ni yóò sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ."

Hàbíbátù wolẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà," màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Tẹ àtijọ́ àti tuntun jáde, kí àṣìṣe náà hàn kedere. Lẹ́yìn náà ni kí o yọ ọ́ kúrò lójú àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n tọ́jú rẹ̀. Ohun àtijọ́ ní ibi tó yẹ ẹ́. A kì í jó o níná, a kì í sì í jẹ́ kó jókòó sáàárín tuntun láìsí àmì."

"Ìkejì ńkọ́, mà?"

Màmá gbé ìwé orin kan sókè. "Ní ilé ìkàwé, tí ẹnì kan bá mú ìwé yìí tó fi í sáàárín ìwé ìṣègùn, ó ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. O lè ní ẹgbẹ̀rún ìwé. Tí ẹni tó ń wá ọ̀kan kò bá rí i, òfo lo ní. Ìwọ ti ń kó ìwé jọ fún ọdún mẹ́ta, o kò tíì kan pákó ìtòwé kankan mọ́ ògiri."

Lọ́jọ́ Ajé, Hàbíbátù kan ilẹ̀kùn píríńsípà pẹ̀lú bébà méjì lọ́wọ́. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Mà, n kò pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni, mo sì ti kọ lẹ́tà pé èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ gbé e lọ fún àjọ náà."

Ìyáàfin Ọládùnjoyè ka ekíní, ó ka èkejì. Ó tún padà sí ekíní. "Sátidé yìí," ó kà á síta. "Sátidé wo? Èmi gan-an, tí mo bá ṣí èyí, n ó gbé ọmọ mi wá ni." Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí níjẹta, Hàbíbátù."

"Ó ba èmi náà, mà."

"Mú lẹ́tà yẹn wá." Ó fa bírò yọ, ó sì fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ Hàbíbátù.

Hàbíbátù ròyìn fún Bùsàrí, òun ló sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà ní Wuse lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníyan, alábòójútó ìdánwò, gbà wọ́n lálejò. Ó ka lẹ́tà, ó wo bébà méjèèjì, ó sì béèrè pé, "Ta ló gbé ojú ewé yìí síta?"

"Èmi ni, sà."

Ọláníyan wò ó dáadáa. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó síbí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fún mi nírú èsì yìí." Lẹ́yìn náà ló wo ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni kò wá ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Ọ̀kan lẹ mú wá bá mi. Àwọn méjì tó kù ńkọ́?"

Hàbíbátù tẹ̀ síwájú, ó wo orúkọ tó wà nínú ìwé náà. Kò ro ti àwọn yẹn rárá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó pe àwọn òbí méjèèjì. Ilé àwọn Ayọ̀midọ̀tun ní Karu ló kọ́kọ́ pè. Bàbá ọmọ náà ní ojú ewé mẹ́rin tí ó rí ló dàrú mọ́ òun lójú, òun sì ní kí ọmọ jókòó sílé títí ẹnì kan yóò fi pe àwọn. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ó pe ìyá Tèmi, ọmọ kejì tó kù. Ó ń ta aṣọ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lugbe.

"A wá o, Àǹtí," ni ìyá Tèmi wí. "Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá Sátidé. A bá mègáàdì lẹ́nu géètì, mo kí i ní èdè Haúsá pé 'sànnu', ó dáhùn pé 'yauwa'. Mo bi í léèrè ìdánwò, ó ní wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́bọ̀. A bá padà sílé."

"Kí ló dé tí ẹ kò bèèrè mi, mà? Mo wà nínú."

"Kí ni ǹ bá sọ? Mo rò pé èmi ni n kò kà á yé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo tilẹ̀ ti bẹ Tèmi pé kó má bínú sí mi."

Hàbíbátù gbé fóònù sílẹ̀, ó sì jókòó sínú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Àṣìṣe náà dun ún tẹ́lẹ̀. Èyí tún wá wọ̀ ọ́ lára jù. Obìnrin kan ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ fún ohun tí òun, Hàbíbátù, ṣe.

Èsì àjọ náà dé ní ọjọ́ kẹta. Wọn yóò ṣe ìdánwò mìíràn fún àwọn ọmọ mẹ́ta náà, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tún ìkànnì náà tò kó tó di ọjọ́ yẹn, àwọn fúnra wọn yóò sì ṣí i wò.

Hàbíbátù bẹ Màmá Fẹ̀yìntọlá wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí màmá ṣe ni pé ó ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà.

"Ẹ fún mi ní páálí," ó ní. "Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí káàdì. Gbogbo irú ohun tó wà lórí ìkànnì yín, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí káàdì kan. Kí ẹ wá pe àwọn tó ń wá nǹkan níbẹ̀."

Píríńsípà pe òbí mẹ́fà, ọmọ mẹ́rin àti olùkọ́ méjì. Bùsàrí wà lára wọn, ìyá Tèmi náà wà níbẹ̀. Màmá tú káàdì náà dà sórí tábìlì gígùn.

"N kò ní sọ ibi tí ọ̀kankan yóò wà fún yín," ó ní. "Ẹ kó àwọn tí ẹ bá rò pé wọ́n jọ ń gbé pọ̀ jọ. Tí ẹ bá sì kó wọn jọ tán, ẹ fún agbo kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi pè é."

Hàbíbátù dúró sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Ó ti ní i lọ́kàn pé kókó ẹ̀kọ́ ni wọn yóò fi tò ó: ìṣirò lápá kan, ìmọ̀ ẹ̀rọ lápá kan. Àwọn ọmọ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kíláàsì ni wọ́n fi pín in, nítorí ọmọ kíláàsì kìíní kò ní ohun tó ń wá ní kíláàsì kẹfà. Àwọn òbí kó gbogbo káàdì tó ní ọjọ́ nínú sójú kan.

"Èyí ló máa ń lé mi kiri," ni ìyá Tèmi wí. "Ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìpàdé. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Ọjọ́ Pàtàkì. N kò fẹ́ tẹ nǹkan mẹ́rin kí n tó dé ibẹ̀."

Bùsàrí mú káàdì méjì tó jẹ́ ti ìkéde ọdún tó kọjá, ó ń yí wọn lọ́wọ́. "Ní Apo," ó ní, "mo ní agolo púlọ́ọ̀gì tuntun, mo ní agolo púlọ́ọ̀gì tí a tú sílẹ̀. Wọn kì í gbé inú agolo kan. Bí ọmọṣẹ́ mi bá dà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà ni yóò jìyà rẹ̀ lójú títì. Tí a bá kàn tilẹ̀ ń pe gbogbo rẹ̀ ní tuntun, tuntun, tuntun gan-an, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Hàbíbátù náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Bí wọ́n ti ń tò ó lọ ni ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mú káàdì kan sókè: orúkọ àwọn ọmọ, nọ́ńbà fóònù òbí wọn àti àdírẹ́sì ilé wọn.

"Èyí ńkọ́? Ta ló lè rí i?"

Hàbíbátù ronú. "Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìkànnì."

Píríńsípà ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè mọ orúkọ àwọn ọmọ wa, ibi tí wọ́n ń gbé àti nọ́ńbà tí yóò fi pe òbí wọn?"

Wọn kò dúró de ìparí ìpàdé. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà padà, Hàbíbátù sì ti ojú ewé náà pa lójú ẹsẹ̀, kó lè jẹ́ pé àwọn tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà ní ọ́fíìsì nìkan ló lè dé ibẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Hàbíbátù fi tún ìyókù tò. Ó ṣe ilẹ̀kùn mẹ́rin péré sí iwájú ìkànnì náà: Ọjọ́ Pàtàkì, Kíláàsì Mi, Fún Òbí, àti Nípa Ilé Ẹ̀kọ́. Ó kọ déètì àti ọdún sí iwájú ìkéde kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ olùkọ́ tó gbé e síta sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí àkókò rẹ̀ ti lọ, ó kó wọn sínú àpò kan tó pè ní Ti Àtijọ́, ó sì kọ "Èyí ti kọjá" sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ìgbéyàwó olùkọ́ náà padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Píríńsípà pàṣẹ pé ìkéde kankan kò gbọdọ̀ jáde mọ́ láìjẹ́ pé ẹni kejì kà á.

Nígbà tó parí, ó mú fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá Tèmi. "Ẹ bá mi wá ọjọ́ tí sáà tó ń bọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, mà. N kò ní ràn yín lọ́wọ́."

Ìyá Tèmi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ka ọjọ́ náà síta. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ó tán náà nìyẹn?"

"Ó tán, mà."

"Háà. Kò kúkú le."

Àwọn ọmọ mẹ́ta náà ṣe ìdánwò wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Nígbà tí èsì jáde lóṣù karùn-ún, Tèmi wà lára àwọn tó yege. Ìyá rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ náà, ó wá sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì lè sọ ju "Àǹtí, Àǹtí" lọ.

Khàdíjàt kò yege. Máàkì mẹ́rin ló fi kù.

Hàbíbátù kò fẹ́ kí Bùsàrí kà á lórí fóònù. Ó wọ ọkọ̀ lọ bá a ní Apo. Bùsàrí ń bẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan. Ó gbọ́ ohun tó bá wá, ó sì ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ẹ má bínú, Bàbá Khàdíjàt."

"Rárá, Tíṣà. Èyí yé mi. Ó jókòó, ó kọ ọ́, àwọn kan mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Mo lè sọ ìyẹn fún un, yóò sì gbà. Ohun tí n kò lè ṣàlàyé fún un ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá, nígbà tó wá."

Ó fi àkísà sílẹ̀. "Ó ti ń kàwé padà. Ó ní bí ti kíláàsì kẹrin bá wà, òun yóò tún ṣe é. Ẹ bá wa máa wò ó."

"Tó bá ti jáde, ẹ ó rí i," ni Hàbíbátù wí. "Ojú kan náà lẹ ó ti rí i."

Ẹ̀yin olùkọ́ àti alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ìtàn yìí lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ìkànnì bá wà. Ẹ má ṣe ka iye ohun tí ẹ gbé síta sí iṣẹ́. Ẹ bi ara yín bóyá ẹni tó ń wá a lè rí i. Ìkéde tí kò ní déètì àti ọdún, ẹ má ṣe gbé e jáde rárá, nítorí "Sátidé yìí" kì í kúrò lórí ayélujára. Bí ẹ bá kọ tuntun, ẹ kó àtijọ́ kúrò lọ́nà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi àmì sí i. Ẹ fi orúkọ tí òbí àti ọmọ ń pe nǹkan pè é, kí ẹ sì pè wọ́n wá kí wọ́n bá yín tò ó, páálí àti bírò ti tó. Orúkọ ọmọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé kò gbọdọ̀ wà níbi tí àjèjì ti lè kà á. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀, ẹ jẹ́wọ́, kí ẹ sì wá gbogbo ẹni tó ṣe ní jàǹbá rí, títí kan àwọn tí kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ohun tí ẹ kà bá rú yín lójú, ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi kí ẹ sì padà sílé. Ẹ wo déètì. Bí kò bá sí déètì, ẹ pe ilé ẹ̀kọ́, ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí sórí fóònù yín, kí ẹ sì béèrè ẹni tó kọ ọ́.

Ẹnu ilé ẹ̀kọ́ ni ìkànnì rẹ̀. Ohun tí ẹnu náà bá sọ ni òbí yóò gbà gbọ́, òun náà ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ dìde tẹ̀ lé.